Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Sọ Pé Òun Mọ̀?

Ní Ṣómólú, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí ìlú àwọn atẹ̀wé, láti òpópónà Bajulaiye títí wọ àwọn àdúgbò tó bá Bàrígà pààlà, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri, síbẹ̀ tí kò sí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí í fi í ṣeré: òfin náà ni pé a kì í ki iṣẹ́ oníbàárà bọ ẹnu ẹ̀rọ àfi bí oníbàárà náà bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí prúùfù, tó kà á láti òkè délẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú. Bí ó bá jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, tí àkọ́bí olóògbé sì sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé òun ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀gá atẹ̀wé a dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Alàgbà, ẹ wá fi ojú yín rí i, bí 1938 bá lọ di 1983 lábẹ́ àwòrán Bàbá, bébà ti ṣòfò nìyẹn, ìtìjú sì délé.” Alàgbà a wá, a gba bírò, a máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà á sétí ara rẹ̀, a sì dúró pẹ́ lórí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí jù lọ. Ìgbà tó bá buwọ́ lù ú tán ni ẹ̀rọ tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní àdúgbò yìí kan náà, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́ tí àwọn òbí kò sì tíì ti ọjà dé, àwọn ọmọdé a tún kóra jọ sí ilé lẹ́sìn, tíṣà a kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, a sì ní kí olúkúlùkù lò ó nínú gbólóhùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń kọ́ wọn báyìí, kò sí èyí tó kéré lójú bí “know”, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ èyí tó wúwo jù ú lọ. Ọmọ kan a kọ ọ́ pé òun mọ orúkọ ìyá òun, òmíràn a ní òun mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ìlú ńlá, ẹ̀kẹta a ní òun mọ̀ pé Ọlọ́run ń bẹ ní ọ̀run, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa ìyá arúgbó tó ń dá gbé ní yàrá ẹ̀yìn, kò ṣòro fún un láti kọ “I know that the old woman is a witch.” Gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tọ̀nà ní ti gírámà. Tíṣà a fi bírò pupa sàmì sí wọn, ọmọ a gba máàkì rẹ̀, a gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, a sì gbalé lọ.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ibi tí lílo ọ̀rọ̀ bó ti yẹ parí sí nìyẹn? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìwà ni “know” kó tó di ọ̀rọ̀ gírámà. Ẹni tó bá sì lò ó níbi tí kò ti rí, tí kò sì wádìí, kò lò ó dáadáa, bí gbogbo òfin gírámà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tilẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, Olúbí Ṣódípọ̀ tí í ṣe ọmọ Yorùbá, àti Barry Hallen tó ti Amẹ́ríkà wá, kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe egbòogi ni wọ́n wá lọ, wọ́n lọ béèrè ohun tí àgbà Yorùbá ní lọ́kàn nígbà tó bá sọ pé òun mọ̀, àti ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó bá sọ pé òun gbàgbọ́. Ní 1986 ni ìwé wọn, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn ni pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, tó sì yé e yékéyéké. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ bàbá ẹni, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà jẹ́ ìwé tí a tẹ̀ tó dára, ìgbàgbọ́ ni, nítorí pé a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Bí a bá wá dán ohun tí a gbọ́ wò, tí ó sì ṣojú wa pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ìgbàgbọ́ náà a di ìmọ̀. Bí kò bá sì ṣeé dán wò, a lè jókòó yí i ká, kí a máa gbé e yẹ̀ wò, kí a máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wa, ṣùgbọ́n a kò ní í fún un ní orúkọ ìmọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ní àwọn mọ̀, inú ìwé àti ẹnu olùkọ́ ni wọ́n ti gbà á. Kò sí èyí tó bá Julius Caesar láyé nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ Bajulaiye tó kọ ọ́ pé òun mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ìlú ńlá, lọ́dọ̀ àwọn tó ni èdè, ó mọ̀ ọ́n. Níwájú oníṣègùn Èkìtì, ó gbọ́ ọ ni, ó sì gbà á.

Kì í ṣe ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló fi èyí hàn, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ojoojúmọ́ kún fún un. Bí ohun kan bá bọ́ lọ́wọ́ iyèméjì, a ní ó dá wa lójú, a kì í ní ó dá wa létí. Ìròyìn ò tó àfojúbà, ni àwọn baba wa wí. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ ki Ọ̀rúnmìlà, baba ọgbọ́n, Akéréfinúṣọgbọ́n, ibìkejì Olódùmarè, orúkọ tí wọ́n gbé ṣíwájú ni Ẹlẹ́rìí Ìpín, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo ti ń sọ ọ́, ìṣojú rẹ̀ ni orí kọ̀ọ̀kan ti yan ohun tó yàn kó tó wá sáyé. Ó mọ̀, nítorí ó wà níbẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, tí kò jìnnà sí Bajulaiye rárá, tó sì papòdà ní 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un pé kí a gbé Ọ̀rúnmìlà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates ará Gíríìsì gẹ́gẹ́ bí amòye lẹ́gbẹ̀ẹ́ amòye. Bí a bá gbé wọn kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohùn wọn ṣọ̀kan ju bí a ti lè rò lọ. Nínú ìwé tí Plato pè ní Theaetetus, Socrates béèrè pé bí a bá ja ẹnìkan lólè, tí kò sì ṣojú àwọn tó jókòó dájọ́, tí agbẹjọ́rò wá fi ọ̀rọ̀ yí wọn lọ́kàn padà títí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà bó ti yẹ, ǹjẹ́ a lè ní wọ́n mọ̀? Èsì tó tẹ̀ lé e ni pé rárá. Wọ́n gba òtítọ́ gbọ́ ni, ẹni tí ó ṣojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní abala 126: bí ó bá jẹ́ ohun tí ojú lè rí ni a ń jẹ́rìí sí, àfi ẹni tó bá ní òun rí i. Ẹ ò rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀mí tàbí ti dúkìá, ibi tí àgbà Èkìtì dúró sí ni wọ́n ń padà sí.

Ṣùgbọ́n inú ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù lọ. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School wà lónìí, ilé-ìwé girama tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, tí ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, T. B. Macaulay, fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther. Ìdílé Crowther yẹn wà lára ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Yorùbá ti kọ́kọ́ jókòó ti ara wọn. Nígbà tí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi ẹ̀sìn tuntun náà hàn wá, títí di òní olónìí, onígbàgbọ́ là ń pe ọmọ ẹ̀yìn Kírísítì. A kò pè é ní onímọ̀. Lójú tèmi, òtítọ́ ńlá ni a sọ síbẹ̀: ẹ̀sìn náà, a gbọ́ ọ, a sì gbà á, kò sì sí ohun ìtìjú kankan nínú kí ènìyàn wí bẹ́ẹ̀. Olódùmarè tí gbogbo wa ń sìn, Ọba Àìrí là ń kì í, Awámárìídìí là ń kì í, a sì tún ń kì í ní Arínúróde Olùmọ̀ràn Ọkàn. Ẹ wo bí oríkì yẹn ti tò ó: Ó rí inú, Ó rí òde, nítorí náà ni Ó ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn. Àwa tí kò rí I, gbígbọ́ ni ìpín tiwa.

Jóòbù, ẹni tí ìyà jẹ tí kò fi Ọlọ́run sílẹ̀, fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ láàárín ìrora rẹ̀ pé òun mọ̀ pé Olùdáǹdè òun wà láàyè. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìwé náà, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti inú ìjì dá a lóhùn, ó jẹ́wọ́ pé etí lòun ti fi gbọ́ nípa Rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ìsinsìnyí ni ojú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí I, ó sì ronú pìwà dà nínú erùpẹ̀ àti eérú. Tọ́másì tí a máa ń fi bú àwọn aláìgbàgbọ́ lórí àga ìwàásù, ohun tó béèrè, pé kí òun rí kí òun tó gbà, kò ju ohun tí àgbà Yorùbá kan ì bá béèrè lọ. Jésù kò sì lé e dànù, Ó na ọwọ́ Rẹ̀ sí i kó wò ó, kí Ó tó wá súre fún àwọn tí kò rí síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbọ́. Ìre wà fún wọn nítorí pé wọ́n gbàgbọ́. A kò ní kí wọ́n máa pe ara wọn ní ẹni tó rí. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, orí 102 nínú Àlùkùránì ya ìdánilójú tí ìmọ̀ ń fúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ìdánilójú tí ojú ń fúnni, èyí tí ẹ̀dá kò ní í ní lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àfi ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá rí i. Orí 17, ẹsẹ̀ 36, sì kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe máa tẹ̀ lé ohun tí kò ní ìmọ̀ rẹ̀, nítorí pé etí, ojú àti ọkàn ni a ó bi léèrè. Mo fẹ́ràn bí ẹsẹ̀ yẹn ti tò wọ́n, nítorí pé ó jẹ́ kó hàn pé ohun tí etí bá gbà wọlé ní ìjíhìn tirẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bí a bá di òfin yìí mú gírígírí, kí ló kù tí ènìyàn mọ̀? Ta ló rí ọjọ́ tí a bí i? Ọmọ tó kọ ọ́ pé òun mọ orúkọ ìyá òun, ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ìyá rẹ̀ lórúkọ? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní í fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọlọ́gbọ́n kan ò ta kókó omi sétí aṣọ, ọ̀mọ̀ràn kan ò mọ oye erùpẹ̀ ilẹ̀. Èkó kò lè gbé ọjọ́ kan láìjẹ́ pé a gba ara wa gbọ́: ẹni tó wọ dánfó ní Onípàńnù gba awakọ̀ gbọ́ pé bíréèkì ọkọ̀ náà ń mú, ẹni tó ra oògùn gbé mì gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá gbogbo rẹ̀ dán wò. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe àbùkù. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí a pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ojú tí mo ń wí kì í sì í ṣe ti iwájú orí nìkan, nítorí a ní ojú inú, a sì ní ẹ̀rí-ọkàn. Obìnrin tó jí lóru, tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, tó gbàdúrà títí ìbànújẹ́ tó ti fún un lọ́rùn láti oṣù mélòó kan fi tú ká, ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tó ṣojú rẹ̀, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìbànújẹ́ náà lọ. Ẹni tó mú un lọ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló sọ ìyẹn fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni òtítọ́ ẹlẹ́sìn ń gbé, ẹni tó bá sì mọ ibẹ̀, bó bá dìde jẹ́rìí nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa wọni lára, nítorí a ó rí i pé kò fi ohun tó gbọ́ lé orí ohun tó rí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, nígbà tó ń kọ̀wé sí Tímótì, ní òun mọ Ẹni tí òun gbàgbọ́. Kò ní òun mọ gbogbo ohun tí òun gbàgbọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ kan í ṣe ju ìwé kíkà lọ nìyí, kó rántí ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún náà, Patrick Sawyer ti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ẹ̀bólà lára. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Ọbáléndé, òun fúnra rẹ̀ sì sẹ́ pé òun kò bá ẹni tó ní àrùn náà pàdé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò rí aláìsàn Ẹ̀bólà kan rí láyé rẹ̀, kò sọ pé òun mọ̀. Ó fura; ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà lọ yẹ̀ wò, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní í jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń fúngun mọ́ ọn. Èsì àyẹ̀wò dé, ìfura di ìmọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, àrùn náà pa dókítà náà pàápàá. Ènìyàn 20 ni Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, fóònù ń dún láàjìn kárí ilẹ̀ wa, ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí àbúrò, pé kí gbogbo wọn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, pé ó dájú pé yóò dènà Ẹ̀bólà. Ìfẹ́ ló mú wọn pe ara wọn, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló rí i tó dènà rẹ̀? Olúkúlùkù gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó sì ti ń ti ẹnu dé ẹnu ni “mo gbọ́ pé” ń di “mo mọ̀ pé”. Àwọn oníròyìn kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú nípa omi iyọ̀ mímu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì mẹ́nu bà á nínú ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá dúró lórí fóònù lóru ọjọ́ náà, tó ní, “Ìyá mi, ta ló rí i?”, ì bá ti gba ẹ̀mí kan là.

Èyí ló mú kí gbólóhùn nípa ìyá arúgbó yẹn bà mí lẹ́rù ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni a ń wí. Mélòó mélòó wá ni ẹni tó dájọ́ ikú tàbí ìlékúrò-nílé fún ọmọlàkejì rẹ̀ láìgbọ́ ẹjọ́ rárá, tó jẹ́ pé àlá tí ẹlòmíràn lá, tàbí ìran tí ẹlòmíràn ní òun rí, ló gbára lé? Ẹni tó lá àlá lè sọ pé òun lá àlá. Àwa tó kù, a kò mọ ohunkóhun ju pé ó ní òun lá a.

Mo bẹ ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin àáfà tí àwọn èèyàn ń tẹ́tí sí ní Bàrígà, ní Ṣómólú àti níbi gbogbo, pé kí ẹ máa yà á sọ́tọ̀ fún wa, èyí tí ẹ rí, èyí tí ẹ kà, àti èyí tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ̀yin tíṣà, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣaláì ní “I heard”, kò ṣaláì ní “I was told”, kò sì ṣaláì ní “I believe”; ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ “I know”, kí ẹ sì máa bi ọmọ tó bá kọ ọ́ pé òun mọ̀, bí ó ti ṣe mọ̀. Bí kò bá rí èsì fọ̀, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ, kí ẹ tó fún un ní máàkì.